Ọ̀dà Tí Kò Tíì Jinná

Kí a tó rí ẹlẹ́nu bíi ti Eyínmẹ́nugún, ó máa pẹ́. Obìnrin tó jẹ́ pé bó bá dúró níwájú oníbàárà, tó ní kí wọ́n ra ọ̀dà dúdú fi kun yàrá ìkókó, wọ́n á rà á, wọ́n á tún dúpẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn nílé-iṣẹ́ ọ̀dà tó ti ń ṣe láti ìgbà tí kò tíì sí ewú kankan lórí ẹ̀. Bí oníbàárà ńlá bá ń bọ̀, òun ni wọ́n ń tì síwájú pé kó lọ ṣàlàyé ọjà. Ìyàwó àbúrò ẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wọn, torí pé eyín obìnrin náà funfun, ó tò, ó sì gún régé. Gbogbo ilé gba orúkọ náà, ó sì bá a dé ibi iṣẹ́.

Ẹ fọkàn sí ìyàwó àbúrò yẹn o, òun gan-an lọ̀rọ̀ wa. Eyínmẹ́nugún ló wáṣẹ́ fún un. Òun ló mú un lọ bá Ọ̀gá, tó ní, "Ìyàwó wa nìyí, sà. Ó kàwé, ó níwà, ẹ bá wa wá nǹkan fún un." Wọ́n fi í sídìí kọ̀ǹpútà kó máa dá àwọn tó ń béèrè ọjà lóhùn. Ó jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Eyínmẹ́nugún a máa fi í yangàn káàkiri pé, "Ṣé ẹ rí ìyàwó mi?" Bí gbogbo ibi iṣẹ́ náà ṣe ń pè é ní Ìyàwó nìyẹn. Nígbà tá à ń wí yìí, ẹni tó bá rí àwọn méjèèjì á rò pé ìyá kan náà ló bí wọn.

Àfi bí Ọ̀gá ṣe pe gbogbo wọn jọ lọ́jọ́ kan. Olórí àwọn tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì, àga ẹ̀ máa ṣófo. Àwọn kan sì ń bọ̀ tí wọ́n ń kọ́ ilé-ìwé káàkiri. Wọ́n ń wá ọ̀dà tó jẹ́ pé bí ọmọ bá fi mákà ya ìyàkuyà sára ògiri, wọ́n á fi àkísà tútù nù ún kúrò, ọ̀dà ò sì ní tẹ̀ lé e. Ilé-iṣẹ́ wọn ń ṣe irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ẹni tó bá bá wa gba iṣẹ́ yìí, òun ló ń jókòó sórí àga yẹn."

Gbogbo ojú yí sí Eyínmẹ́nugún. Òun náà ti tún aṣọ ara ẹ̀ ṣe, ó ti gbé ẹ̀rín sẹ́nu, ó kù kó dìde. Ọ̀gá wá ní, "Ìyàwó ni mo fẹ́ kó bá wọn sọ̀rọ̀."

Háà! À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Àkókó ọ̀hún ò tiẹ̀ dá yọjú o, wọ́n lọ fà á yọ nínú ihò ni, torí Ìyàwó fúnra ẹ̀ la ẹnu sílẹ̀, kò rí i pa dé. Ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Ọ̀gá pe Eyínmẹ́nugún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìpàdé. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́. Àmọ́ àwọn onílé ìtura ọjọ́sí, ṣé o rántí ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní o ò jẹ́ káwọn fi ẹnu kan ọ̀rọ̀. Wọ́n bi ẹ́ ní ìbéèrè, àwàdà lo fi dá wọn lóhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá lọ ra tẹlòmíì. Ìwọ kì í múra sílẹ̀."

"Ṣé wọ́n tún ń kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀ ni, sà?"

"Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́ ọ," ni Ọ̀gá wí. "Bá mi kọ́ Ìyàwó. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kọ́ọ̀yàn tó ẹ."

Ó ní, "Kò burú, sà." Kò burú kẹ̀! Àga tó ti ń fojú wọ̀n láti ọdún gbọọrọ, ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ mú wọlé ló fẹ́ wá jókòó lé e. Bó bá jẹ́ èèyàn míì ni, ìbá sàn. Ìyàwó ilé! Ẹni tó máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀!

Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Àṣà ilé-iṣẹ́ wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú oníbàárà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń po ọ̀dà. Ariwo ẹ̀rọ yẹn kò kéré. Wọ́n ní ẹni tí ohùn ẹ̀ bá borí ẹ̀rọ, oníbàárà kankan ò lè borí ẹ̀. Ẹnì kan á jókòó sórí garawa ọ̀dà, á fọwọ́ lẹ́rán bí oníbàárà, á máa da ìbéèrè bo olúwa ẹ̀ lójú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ìyàwó kò ju ẹni tó ń gbàdúrà sínú lọ. Eyínmẹ́nugún jókòó sórí garawa, ó ní, "Mi ò gbọ́."

Ìyàwó tún un sọ.

"Mi ò gbọ́ o! Ta lò ń sọ ọ́ fún, bàtà ẹ? Gbójú sókè. Ojú wọn ni kó o máa wò. Bí ojú wọn bá ń bà ẹ́ lẹ́rù, wo iwájú orí wọn, wọn ò ní mọ̀. Kó o sì yéé sọ 'ẹ̀n-ẹ̀n' kiri. Bí ọ̀rọ̀ ò bá tíì dé, dákẹ́. Ìdákẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

Ká sọ òótọ́, ó kọ́ ọ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Inú ẹ̀ tiẹ̀ ń dùn díẹ̀, torí pé ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n sọ rárá. Ó ń rò ó lọ́kàn pé Ọ̀gá fúnra ẹ̀ á rí àṣìṣe ẹ̀, á wá bẹ òun.

Ṣùgbọ́n Ìyàwó ò fi mọ síbi iṣẹ́. Ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Yàrá iwájú ni Màmá, ìyá Eyínmẹ́nugún, wà, Eyínmẹ́nugún wà nísàlẹ̀, àbúrò ẹ̀ àti Ìyàwó wà lókè. Bí Eyínmẹ́nugún bá jókòó lálẹ́, á máa gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àjà: kó, kó, kó, ìsinmi díẹ̀, kó, kó. Ìyàwó ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn sọ̀rọ̀. Bó bá ń fọ abọ́, ọ̀dà ló ń ṣàlàyé fún abọ́. Bó bá wọ balùwẹ̀, á máa kí wọn níbẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì." Àbúrò Eyínmẹ́nugún á mú fóònù dání, á máa ka àsìkò fún ìyàwó ẹ̀, á ní, "Ó ti gùn jù, bẹ̀rẹ̀ padà." Ọkùnrin tí kò ráyè tún ilẹ̀kùn tó ń dún ṣe fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ láti ìgbà yìí wá!

Ó tún gba pákó àpẹẹrẹ kan níbi iṣẹ́, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n kun ọ̀dà búlúù sí. Á fi mákà kọ nǹkan sí i, á fi àkísà tútù nù ún, á tún kọ, á tún nù. Ó fẹ́ kí ọwọ́ òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láìwolẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Eyínmẹ́nugún ń bọ̀ láti ìta, ló bá gbọ́ àtẹ́wọ́ nínú yàrá Màmá. Ó ṣílẹ̀kùn. Màmá jókòó, ó fi awò ojú sí, ó ká ẹsẹ̀ lérí ara wọn bí ẹni tó fẹ́ ra gbogbo ayé. Òun ni oníbàárà. Ìyàwó dúró síwájú ẹ̀ pẹ̀lú pákó lọ́wọ́.

"Àti pé ọ̀dà yín yìí," ni Màmá ń wí, "ṣé kì í rùn? Mi ò fẹ́ kí imú máa yún àwọn ọmọ mi o."

"Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, mà," Ìyàwó dáhùn. Ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n mọ́. Ó rọra ṣàlàyé, ó dúró níbi tó yẹ kó dúró, ó rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó rẹ́rìn-ín.

Màmá pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Mo rà á! Ẹ gbé e wá! Eyínmẹ́nugún, ṣé o gbọ́ ọ? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ yìí máa pa wọ́n."

Eyínmẹ́nugún ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, Màmá, ẹ ò jókòó gbọ́ tèmi rí."

Màmá yọ awò ojú. "Tìẹ kẹ̀? Ìgbà wo lo ní ká wá gbọ́? Ìwọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ní báwo niṣẹ́, wàá ní a ò lè mọ̀ ọ́n. Jókòó, kó o sọ tìẹ náà ká gbọ́."

"Mo ní nǹkan lórí iná," ló wí. Kò ní nǹkan kan lórí iná. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ògiri, inú sì ń bí i sí ìyá tó bí i, sí àbúrò ẹ̀, sí obìnrin tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìlara ò ní ìtìjú, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá ẹni pàápàá, ó lè mú kéèyàn máa wò ó bí ẹni tó jà á lólè.

Níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tún wá burú sí i. Àwọn tó ń po ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀rọ kí wọ́n lè gbọ́ Ìyàwó. Ẹ gbọ́ o, wọ́n ń pa ẹ̀rọ! Wọn ò pa á fún ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àǹtí, ẹ ṣọ́ra o. Ìyàwó yín fẹ́ gba ẹnu mọ́ yín lẹ́nu." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Eyínmẹ́nugún náà rẹ́rìn-ín, ó sì na ìka sí ẹni náà bí ẹni tó ń ṣeré. Ẹ̀rín náà ò dé ọ̀nà ọ̀fun.

Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn àlejò dé, Ìyàwó wá bá a lọ́sàn-án. Ó gbé pákó ẹ̀ dání, ojú ẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wo nǹkan tí mo fọwọ́ ara mi ṣe." Ó ti nu pákó náà débi pé àárín ẹ̀ ń dán yinrin bí orí apárí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì wà bó ṣe wà. "Mi ò lè gbé èyí síwájú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú òmíì ní sítọ́ọ̀."

Ọwọ́ Eyínmẹ́nugún ni kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà. Ó ní, "Dúró síbẹ̀, mò ń bọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan tí gbogbo ẹni tó ti pẹ́ nídìí ọ̀dà mọ̀. Gbígbẹ ọ̀tọ̀, jíjinná ọ̀tọ̀. Ọ̀dà lè gbẹ láàárọ̀ tí wọ́n kùn ún, kéèyàn fọwọ́ kàn án, kó má ràn. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ṣì rọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jinná, kó tó gba omi àti àkísà. Nínú sítọ́ọ̀ wọn, ọwọ́ iwájú ni wọ́n ń to èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sí, èyí tó ti jinná wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó bá wà nídìí kọ̀ǹpútà ò lè mọ̀.

Eyínmẹ́nugún wọlé, ó na ọwọ́ sẹ́yìn. Ọwọ́ ẹ̀ kan pákó tó dáa. Ó gbé e, ó tún fi í sílẹ̀. Ó rí àtẹ́wọ́ Màmá lójú inú ẹ̀. Ó rí Ìyàwó lórí àga yẹn, tí òun á máa lọ gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀ kí òun tó lọ sílé. Ó mú èyí tó wà níwájú.

Ó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe ń tilẹ̀kùn. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo ní kó nu pákó ẹ̀ bàjẹ́?"

Ìyàwó fọwọ́ pa pákó náà. "Áà, ó gbẹ dáadáa, Àǹtí."

"Ó gbẹ," ni Eyínmẹ́nugún wí. Kò sì parọ́. "Má wulẹ̀ nù ún lónìí o, kó lè mọ́ fún ọ̀la."

"Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí mi. Mi ò mọ ohun tí mi ò bá ṣe láìsí yín." Ó fi orúnkún kan kanlẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn.

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn àlejò dé. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alága ló ṣáájú wọn, kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro, ó kàn ń wo nǹkan ni. Ọ̀gá jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀. Eyínmẹ́nugún jókòó ní ìpẹ̀kun tábìlì.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ó sọ̀rọ̀! Kò yára, kò falẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í ní ìbéèrè tí kò mọ̀, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, òun á wádìí, òun á sì fi èsì ránṣẹ́ sí wọn. Alága mi orí. Eyínmẹ́nugún ń gbọ́ ohùn ara ẹ̀ nínú gbogbo gbólóhùn: ibi tó ní kó dákẹ́, ó dákẹ́ níbẹ̀, ibi tó ní kó gbójú sókè, ó gbé e. Ọmọ náà ò jí nǹkan kan. Òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ fún un, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn ún.

Ìyàwó gbé pákó sókè. Ó fún Alága ní mákà pé kó ya ohun tó bá wù ú. Alága ya igi kan àti ilé kan bí ọmọdé, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mú àkísà tútù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ nù ún ló bá dáwọ́ dúró.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ mi. Gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, ẹni tó kọ́ mi ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n. Àwọn ló mú mi wá síbí. Kò yẹ kí n dá gba ògo ẹ̀. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá bá wa nù ún."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá náà pàtẹ́wọ́. Ìyàwó na àkísà sí Eyínmẹ́nugún lókè tábìlì.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Eyínmẹ́nugún dìde. Ó gba àkísà, ó fi í kan pákó fẹ́rẹ́fẹ́, bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ tuntun. Igi tí Alága yà ò kúrò.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mà," ni Alága wí. "Àwọn ọmọ wa kì í fi jẹ́jẹ́ ya nǹkan."

Ó tẹ̀ ẹ́. Igi lọ, ilé lọ, ọ̀dà náà sì bá wọn lọ. Ó bó lulẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, pákó lásán yọ síta. Àkísà di búlúù, ìka ẹ̀ náà di búlúù.

Ọ̀gá ní, "Ta ló mú pákó yìí wá?"

Ìyàwó wo Eyínmẹ́nugún. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló wò ó. Gbogbo rẹ̀ yé e lójú kan yẹn, ojú ẹ̀ yí padà, lẹ́yìn náà ó tún bọ̀ sípò. Ó kọjú sí Ọ̀gá, ó ní, "Èmi ni, sà. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ má bínú."

Ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Eyínmẹ́nugún o, ẹ má sọ pé mo parọ́ mọ́ ọn. Kì í ṣe ìtìjú ló kọ́kọ́ dé. Ìlara náà ló tún dé, ó sì gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: pé èyí náà, ó tún ṣe é jù mí lọ. Ìgbà yẹn ló tó rí ara ẹ̀. Ẹ̀rù ara ẹ̀ bà á.

Ó ní, "Irọ́ ni. Èmi ni mo mú un fún un. Mo mọ̀ pé kò tíì jinná."

Ọ̀gá yíjú sí i. Alága ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí ló dé?"

Ó wá àwàdà, kò rí. Ó wá àlàyé, òun tó máa ń rí àlàyé ṣe fún gbogbo nǹkan. Ó ní, "Ìlara ni, mà."

Alága kó ìwé ẹ̀ jọ. Ó bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀ bíi pé ẹnì kankan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní, "A ó padà wá nígbà tí ọ̀dà yín bá jinná. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ yìí ni ká bá níbí, a ò fẹ́ ẹlòmíì." Bí wọ́n ṣe jáde, Ọ̀gá na ọwọ́, Eyínmẹ́nugún sì kó kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá ní òun ò fẹ́ rí i níwájú oníbàárà mọ́.

Ó lọ fọwọ́ níbi ẹ̀rọ omi. Búlúù náà ò fẹ́ lọ lábẹ́ èékánná. Ìyàwó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi gbà á mọ́ra?" Eyínmẹ́nugún bi í.

"Màmá ni mo rò. Mo ní bí mo bá sọ pé ẹ̀yin ni, báwo la ṣe fẹ́ jọ wọlé tọ̀ wọ́n nírọ̀lẹ́?" Ó mú àkísà gbígbẹ, ó fún un kó fi nu ọwọ́. "Mi ò ní sọ fún wọn. Ọkọ mi náà ò ní gbọ́ lẹ́nu mi."

"O ṣeun. Ìyàwó mi, má bínú. Orí mi ló..."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí." Ó ṣì ń pè é ní Àǹtí, ó ṣì ń fi 'ẹ' pè é, kò yọ nǹkan kan kúrò nínú ọ̀wọ̀ ẹ̀. "Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí mo bá ń kọ́ ọ̀rọ̀ mi, ẹ má wá gbọ́ ọ mọ́."

Nírọ̀lẹ́, Màmá bi wọ́n báwo ló ṣe lọ. Ìyàwó ní wọ́n ní àwọn á padà wá, wọ́n fẹ́ tún un gbọ́. Inú Màmá dùn. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ò gbọdọ̀ fi falẹ̀, ó sì lọ wá awò ojú ẹ̀.

Eyínmẹ́nugún wà nínú yàrá tiẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn Ìyàwó láti yàrá iwájú, ó ń gbọ́ ẹ̀rín Màmá àti ti àbúrò ẹ̀. Ó jókòó títí, ara ẹ̀ ò gbà á. Kò ní nǹkan kan lọ́kàn ju pé kó jókòó láàárín wọn lọ. Ó dìde, ó lọ síbẹ̀, ó rọra ṣílẹ̀kùn.

"Wọlé, wọlé!" ni Màmá wí, ó ń sún fún un lórí ìjókòó. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn bọ̀ ni. Ìyàwó, máa bá a lọ."

Ìyàwó ti dákẹ́. Ó rọra gbé ìwé ọwọ́ ẹ̀ sórí tábìlì.

"Kí ló dé?" Màmá bi í. "Ṣé o gbàgbé ni?"

"Rárá, Màmá," ni Ìyàwó wí. Kò wo ẹnu ọ̀nà. "Ó ti rẹ̀ mí ni. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ báyìí."

Màmá wo Ìyàwó, ó wo ọmọ ẹ̀. Eyínmẹ́nugún ní òun gbàgbé nǹkan sórí iná, ó sì fa ilẹ̀kùn dé. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń retí kí Ìyàwó tún bẹ̀rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó padà dé yàrá ẹ̀ tó sì ti ilẹ̀kùn tiẹ̀ náà ni ohùn Ìyàwó tó bẹ̀rẹ̀ padà.